Igi Tí Ó Sùn Kò Kú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyàwó, ẹ̀yin abiyamọ, bí ẹ bá ń gbé ní ìlú òtútù, tí igi eléso kan sì wà ní ẹ̀yìnkùlé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ayùn lé e títí ẹ ó fi ka ọ̀rọ̀ mi tán. Bí ó bá sì jẹ́ pé ilé níhìn-ín ni ẹ wà, ẹ kà á pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò di ará òkè òkun lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò sì ṣàì kan igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná yín.

Ní àárín oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni mo wọ ọkọ̀ òfurufú ní Ìkẹjà. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gillingham ni ìlú tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, ní agbègbè Kent, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Orí òkè ni apá tí wọ́n wà, odò Medway sì ń ṣàn lọ sí òkun ní ìsàlẹ̀. Àwọn ilé so mọ́ ara wọn ní ẹsẹẹsẹ bí eyín ẹnu. Ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó gùn gbọọrọ. Láti òwúrọ̀ ni àwọn ẹyẹ etíkun ti ń ké lórí òrùlé. Nígbà tí ó sì di oṣù kejìlá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í tí ì lù tí oòrùn yóò ti wọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo yọjú láti fèrèsé ilé ìdáná. Igi méjì ni mo rí, ńlá kan àti kékeré kan. Èèpo ara wọn dúdú, ewé tí ó kù lórí wọn kò sì tó èyí tí a lè fi pọ́n ẹ̀kọ méjì. Èso mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó ti gbẹ, tí ó ti hunjọ bí ojú àgbàlagbà, rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi ńlá náà. Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, ẹ má wulẹ̀ wò wọ́n. Òkú igi ni. Bàbá ọmọ ti bá ọkùnrin kan sọ ọ́, yóò wá gé wọn kí Kérésìmesì tó dé. A ó da kọ́ńkéré síbẹ̀ kí ọmọ lè rí ibi ṣeré." Ìparí oṣù kẹwàá ni wọ́n kó wọ inú ilé náà, wọn kò bá ìgbà èso.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ohun tí ó jẹ mí lógún nígbà náà kì í ṣe igi bí kò ṣe ọmọ mi fúnra rẹ̀. Kò rí oorun sùn. A máa sunkún láìnídìí. Ó ní ara òun kò jọ ara òun mọ́, àti pé bóyá agbára tí òun ní tẹ́lẹ̀ kò ní padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ mọ ohun tí mo ń wí. Mo ń wẹ ọmọ, mo ń fi omi gbígbóná tẹ ìyá rẹ̀ ní ikùn, mo ń po ògì, mo ń se ọbẹ̀ ata fún un, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀.

Abọ́ Ápù Kan

Ìyá àgbà òyìnbó kan ń gbé ní ilé tí ó tẹ̀lé ti wa. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n gbé abọ́ kan wá fi kí ìyá ọmọ tuntun. Ápù ni ó kún inú rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé, ó tóbi tó ìkúùkù ọkùnrin, ìwé ìròyìn ni wọ́n sì fi wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bramley ni orúkọ irú ápù náà. Ó kan bí a bá jẹ ẹ́ ní tútù, ṣùgbọ́n bí a bá sè é pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, a máa rọ̀ múlọ́múlọ́. Bí a bá wé e báyìí, tí a sì kó o sí ibi tí ó tutù tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí, ó lè wà títí di oṣù kẹta.

Ọmọ mi dúpẹ́, ó bèèrè ọjà tí wọ́n ti rà á. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Igi yín ni. Ẹni tí ó ta ilé fún yín ni ó ní kí n ká a ní oṣù kẹwàá."

Ẹnu yà wá. Wọ́n mú wa lọ sí ìdí igi náà nínú òtútù. Wọ́n fi èékánná họ èèpo ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ kan, abẹ́ rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Wọ́n ní bí a bá họ ẹ̀ka tí a sì rí i pé ó gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti igi ìdáná, ẹ̀ka náà ti kú. Ṣùgbọ́n bí abẹ́ èèpo bá tutù, oorun ni igi ń sùn. Wọ́n tún fi àwọn ìrúdí hàn wá. Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò di ewé. Èyí tí ó sanra, tí ó rí róbótó, inú rẹ̀ ni òdòdó ọdún tí ń bọ̀ wà. Láti ìgbà ooru ni igi ti ṣe é sílẹ̀, kí òtútù tó dé rárá.

Ọmọ mi dúró níbẹ̀ pẹ́, ọmọ rẹ̀ sì wà ní àyà rẹ̀ nínú aṣọ òtútù. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí ọkùnrin oníayùn pé kí ó má wá mọ́.

Ìdí Tí Igi Fi Ń Sùn

Ẹ jẹ́ kí a mọ èyí dájú: òtútù kì í ṣe ọ̀tá igi ápù. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú, igi a máa fa oúnjẹ inú ewé rẹ̀ padà sínú ẹ̀ka àti gbòǹgbò, lẹ́yìn náà ni yóò jẹ́ kí ewé bọ́. Láti ìgbà náà lọ, a máa ka òtútù bí ẹni ń ka owó. Ọ̀pọ̀ irú ápù ni ó ń fẹ́ òtútù tí kò ju digiri 7 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún bíi wákàtí 800 sí 1,000, kí wọ́n tó lè tan òdòdó bí ó ti yẹ. Bí òtútù kò bá pé iye, òdòdó yóò ṣe ségesège, èso yóò sì kéré. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó gbin hóró ápù sí Ìbàdàn fi lè rí ewé kí ó má rí èso. Igi náà ń retí oorun tí kò dé.

Mo rántí igi fúrúùtù tí ó wà ní àgbàlá bàbá mi. Bí ọyẹ́ bá dé, ewé rẹ̀ a pọ́n, a sì wọ́ dànù. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ó kú rí, nítorí pé a ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Igi tí a kò mọ̀ ni a máa ń yára dá lẹ́jọ́.

Bí a ti ń gbá ewé ni ìyá àgbà sọ ìtàn ápù Bramley fún wa. Ní 1809, ní ìlú Southwell, ní agbègbè Nottinghamshire, ọmọdébìnrin kan tí à ń pè ní Mary Ann Brailsford gbin hóró ápù sínú ìkòkò. Ó hù, ó sì di igi nínú ọgbà ẹ̀yìn ilé wọn. Ọmọ náà dàgbà, ó lọ sí ilé ọkọ. Ní 1846, alápatà kan, Matthew Bramley, ra ilé náà. Ní 1856, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ta igi eléso, Henry Merryweather, tọrọ ẹ̀ka igi náà kí òun lè máa lọ́ ọ mọ́ igi mìíràn. Bramley gbà, bí wọn yóò bá fi orúkọ òun pe èso náà. Báyìí ni orúkọ ẹni tí kò gbin igi ṣe wà lórí rẹ̀ di òní. Ìjì wó igi àkọ́kọ́ náà ní 1900, ṣùgbọ́n ó tún dìde láti ara ẹ̀ka tí ó fi kan ilẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi gbọ́ ìtàn náà tán, ó ní, "Ti wa, Mary Ann ni yóò máa jẹ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé.

Iṣẹ́ Ìgbà Òtútù

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú igi bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ tí a ṣe láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta nìyí. Kò sí èyí tí ìyá ọmọ kò lè ṣe díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń sùn.

Ìmọ́tótó ni ó ṣáájú. A já gbogbo èso gbígbẹ kúrò lórí igi, a sì gbá ewé tí ó ti jẹrà ní ìdí rẹ̀ kúrò, nítorí inú wọn ni àrùn tí ń ba èso jẹ́ ti máa ń sùn de ọdún tí ń bọ̀.

Lẹ́yìn èyí, a fi ìwé tí a fi gíríìsì pa yí ara igi ká, ní ìwọ̀n orókùn sókè. Irú àfòpiná kan wà tí abo rẹ̀ kò ní ìyẹ́ tí ó lè fi fò. Láti inú ilẹ̀ ni ó ti ń jáde ní ìgbà òtútù, a sì máa fi ẹsẹ̀ gun igi lọ yé ẹyin sórí ẹ̀ka. Bí ó bá kan gíríìsì, yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó yẹ kí ìwé yìí ti wà níbẹ̀ kí oṣù kẹwàá tó parí, ṣùgbọ́n kí ó pẹ́ sàn ju kí ó má sí lọ. Bí a bá fi òpó ti igi, a ó pa gíríìsì yí òpó náà ká pẹ̀lú, nítorí kòkòrò mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Ẹ̀kẹta ni rírẹ́ ẹ̀ka. Ìgbà tí ewé ti bọ́ tán títí di ìgbà tí ìrúdí kò tí ì là ni a ń rẹ́ ẹ̀ka ápù. Ẹ̀ka tí ó kú ni a kọ́kọ́ gé, lẹ́yìn náà èyí tí ó ní egbò, lẹ́yìn náà èyí tí ó ń ha ara mọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Àárín igi gbọ́dọ̀ là bí ẹnu abọ́ kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè wọ ibẹ̀. Ẹ má ṣe gé ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ ní ọdún kan, nítorí bí igi bá rí i pé a gé òun jù, a máa fi ìbínú yọ ọ̀pá gígùn gbọọrọ tí kì í so. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ọ̀bẹ àti ayùn mú, kí a sì nù wọ́n mọ́ kí a tó bọ́ sí ara igi mìíràn.

Níbi iṣẹ́ yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ mi wù mí, mo bá kọjú sí igi kékeré, mo sì ti gé ẹ̀ka kan kí ìyá àgbà tó kígbe láti ẹ̀yìn ọgbà wọn. Igi púlọ́ọ̀mù ni. A kì í rẹ́ ẹ̀ka púlọ́ọ̀mù tàbí ti ṣẹ́rì ní ìgbà òtútù. Irú olú kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri nígbà náà. Ojú ibi tí a gé ni ó ń gbà wọlé, ewé á wá máa dán bí fàdákà, ẹ̀ka á sì máa kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà ooru, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ni a ń rẹ́ wọn. Ojú tì mí. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, n kò yé wo ojú egbò náà. Nítorí náà, ẹ mọ orúkọ igi yín kí ẹ tó mú ayùn.

Ní òru ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, òjò dídì bọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìnkùlé funfun báláú, kò sì sí ìró kankan. Mo ń bẹ̀rù fún igi wa, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní ápù tí ó wà nínú ilẹ̀ kò bìkítà. Èyí tí a gbìn sínú ìkòkò ni kí a fi àpò wé yíká, kí òtútù má baà mú gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tí òjò dídì bá tẹ̀ wálẹ̀, kí a rọra gbọ̀n wọ́n.

Ọ̀nà Faversham

Kent ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ọgbà ilẹ̀ wọn nítorí èso. Ní ìparí oṣù kìíní, ní ọjọ́ Sátidé kan, gbogbo wa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Gillingham lọ sí Faversham. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọmọ mi yóò jáde jìnnà láti ìgbà tí ó ti bímọ. Ọkọ̀ náà gba Rainham, Newington àti Sittingbourne kọjá, ìrì dídì sì bo oko lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí a dé Teynham, mo rí àwọn òṣìṣẹ́ láàárín igi tí kò léwé, wọ́n ń rẹ́ ẹ̀ka, wọ́n ń tò ó sí ilẹ̀. Ní Teynham yìí ni Richard Harris, tí ó ń bójú tó èso fún Ọba Henry Kẹjọ, ti gbin oko ńlá ní 1533. Nítòsí Faversham ni Brogdale wà pẹ̀lú, níbi tí ìjọba ilẹ̀ náà ń tọ́jú irú ápù tí ó lé ní 2,000, kí ìkankan má baà parun.

A ra igi kékeré kan, James Grieve, ní ọ̀nà náà. Bramley kò lè fi ìtànná ara rẹ̀ nìkan so. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kò sí iyẹ̀pẹ̀ ní gbòǹgbò igi tí a rà náà, àpò ni wọ́n fi wé e. Irú èyí ni ó rọrùn ní owó jù, ìgbà òtútù tí igi ń sùn nìkan ni a sì ń gbìn ín. Ẹ bèèrè orúkọ gbòǹgbò tí wọ́n lọ́ ọ mọ́ kí ẹ tó sanwó. Èyí tí à ń pè ní M9 kì í sábà ga ju mítà 3 lọ, ó sì yẹ ẹ̀yìnkùlé kékeré. MM106 lè ga tó mítà 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibùdó ìwádìí East Malling, ní Kent kan náà, ni irú àwọn gbòǹgbò yìí ti jáde.

Ní ọjọ́ kejì, a rì gbòǹgbò rẹ̀ sínú omi fún wákàtí kan. Ilẹ̀ kò dì ní ọjọ́ náà. Bí ó bá dì, tàbí tí omi bá dúró sí i, a kì í gbìn. A gbẹ́ kòtò tí ó fẹ̀, a sì rí i dájú pé ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ igi náà wà lókè ilẹ̀. A fi òpó tì í, a bomi rin ín, a sì kó ajílẹ̀ yí ìdí rẹ̀ ká láìjẹ́ kí ó kan ara igi. Mo ti tọ́jú ìwọ́ ọmọ láti ọjọ́ tí ó ti já. Bí wọ́n ti ṣe fún mi àti fún ìyá ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe: mo rì í sí ìdí igi yìí. Ọmọ náà ti ní ibi tí yóò máa fi ọwọ́ hàn.

Ọmọ mi wò mí, ó ní, "Mọ́mì, mo rò pé èmi náà ti tán ni." Mo dá a lóhùn pé ìgbà òtútù tirẹ̀ ni ó wà, pé ẹni tí ó sinmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n n kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ ìtùnú. A ti sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tí ń bẹ ìyá ọmọ wò nílé, wọ́n sì ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ abiyamọ, bí ìbànújẹ́ bá pẹ́ lọ́kàn yín lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má ṣe pa á mọ́ra. Igi nìkan ni ó lè dákẹ́ kí ó sì yè.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ńkọ́? Ọyẹ́ ni ìgbà òtútù tiwa. Òun àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó ń mú kí máńgòrò tanná, nítorí náà ẹ má ṣe gé ẹ̀ka rẹ̀ nígbà tí ó bá rúdí. Ẹ bomi rin ọsàn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Ẹ gé àfòmọ́ kúrò lórí igi, kí ẹ má sì dáná sun ìdọ̀tí nítòsí wọn.

Ní ìparí oṣù kẹrin ni Mary Ann jí. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó sì pọ́n díẹ̀ ní etí. Ọmọ mi gbé àga sí abẹ́ rẹ̀, ó ń fún ọmọ lọ́mú, ó sì ń kọrin. Mo padà sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá, wọ́n fi àwòrán èso tí wọ́n ká ránṣẹ́ sí mi. Abọ́ àkọ́kọ́ ti lọ sí ilé ìyá àgbà, ìwé ìròyìn ni wọ́n sì fi wé ọ̀kọ̀ọ̀kan.